Hápíìsì àti Ọwọ́: Ibi Tí Ewu Wà àti Ibi Tí Kò Sí

Fáírọ́ọ̀sì méjì ló ń fa àìsàn tí wọ́n ń pè ní hápíìsì. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ èkíní ní HSV-1, wọ́n sọ èkejì ní HSV-2. Èkíní ló sábà máa ń yọ ìléròrò olómi sí ètè àti àyíká ẹnu. Èkejì fẹ́ràn ojú ara jù, àmọ́ èkíní náà kì í ṣàìdé ibẹ̀, pàápàá láàárín àwọn tó ń fi ẹnu bá ara wọn lò. Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún ọdún 2020, àwọn ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn kò tó 50 tí HSV-1 wà lára wọn tó bílíọ̀nù 3.8, ìyẹn 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn ẹni ọdún 15 sí 49, àwọn tó ní HSV-2 tó mílíọ̀nù 520. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára àwọn. Bí ibà bá dá ẹnìkan dùbúlẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu, tí ìléròrò wá yọ sí i létè lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ará ilé á ní ibà ló ń jáde yẹn. Ibà kọ́ ló wà nínú ìléròrò náà. Fáírọ́ọ̀sì tó ti ń sùn lára ẹni náà, bóyá láti kékeré, ni ibà jí dìde.

Inú iṣan ìmọ̀lára ló máa ń sùn sí. HSV-1 tó bá gba ẹnu wọlé á tọ iṣan lọ sí ìdí rẹ̀ nínú agbárí. HSV-2 a máa fara pamọ́ sí ìdí àwọn iṣan tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn. Títí di òní, kò sí oògùn tó lè lé e kúrò níbẹ̀. Bí ibà bá dé, tàbí oòrùn líle, àárẹ̀, nǹkan oṣù, tàbí àìsàn tó ń gba agbára lára ènìyàn, á tún tọ ojú iṣan kan náà padà wá sí awọ. Nígbà mìíràn á yọ egbò. Nígbà mìíràn kò ní yọ nǹkan kan, síbẹ̀ á wà lójú awọ. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011 fi hàn pé láàárín àwọn tí HSV-2 wà lára wọn tí wọn kò rí àmì rẹ̀ rí, fáírọ́ọ̀sì náà ń wà ní ojú ara wọn ní nǹkan bí ọjọ́ kan nínú mẹ́wàá.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ ọwọ́ máa ba àwọn ènìyàn lẹ́rù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń nu ẹnu, òun ni wọ́n fi ń bọ àlejò lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ, òun náà ni wọ́n fi ń họ ibi tó bá ń yúnni. Ṣé fáírọ́ọ̀sì tó wà létè ẹnìkan kò ní bá ọwọ́ dé ara ẹlòmíràn? Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣẹlẹ̀ nírọ̀rùn. Kó tó ṣẹlẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tútù tó pọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ náà, ọwọ́ gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ kí fáírọ́ọ̀sì tó kú, ibi tó dé náà sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbáwọlé. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, kò sí àkóràn.

Awọ ara tó dá pé kì í ṣe ọ̀nà àbáwọlé. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tó sì ti le, ló tò léra wọn lókè awọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì kò lè bí sí i àfi nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè. Tó bá bọ́ sórí awọ líle yìí, bí irúgbìn tó bọ́ sórí àpáta ló rí. Awọ àtẹ́lẹwọ́ àti ti àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì nípọn jù ní gbogbo ara. Ẹnu, ihò imú, ojú ara, ihò ìdí àti ẹyinjú kò rí bẹ́ẹ̀: awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó rọ̀, ó sì ń tutù nígbà gbogbo. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà. Ibikíbi tí awọ bá ti gé, tó bó tàbí tó sán náà ti di ilẹ̀kùn: ẹ̀bá èékánná tí ènìyàn fi eyín fà ya, ìka tí ọ̀bẹ gé níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, ọwọ́ tí ọṣẹ ìfọṣọ ti jẹ.

Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìṣègùn ọmọdé tó ń jẹ́ Pediatrics, ìwádìí kékeré tí wọ́n ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Wọ́n yẹ àgbàlagbà mẹ́sàn-án tí ìléròrò hápíìsì wà létè wọn wò. Wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì náà nínú itọ́ ẹni méje, wọ́n sì bá a lọ́wọ́ ẹni mẹ́fà. Kò yani lẹ́nu: ẹni tí ètè ń ta kò lè ṣe kó má fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún wo bó ṣe lè pẹ́ tó kó tó kú níta ara. Èyí tó pẹ́ jù lo wákàtí méjì lórí awọ, mẹ́ta lórí aṣọ, mẹ́rin lórí ike.

Àwọn kan ti gbọ́ wákàtí mẹ́rin yìí, jìnnìjìnnì sì bò wọ́n, wọn kò fẹ́ fọwọ́ kan ife ẹlòmíràn mọ́. Wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Pé a rí fáírọ́ọ̀sì tó ṣẹ́kù láàyè lórí ike kò sọ pé iye tó ṣẹ́kù tó láti kó ran ènìyàn, nítorí bí omi ara tó gbé e bá ti ń gbẹ ni iye rẹ̀ ń dín kù. Fáírọ́ọ̀sì hápíìsì ní ìbòrí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ìbòrí yìí bá bàjẹ́, ó tán. Ọṣẹ lásán ń ba á jẹ́, ìbáà jẹ́ ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ ìfọṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ni sánítáísà ọlọ́tí. Ohun tó yẹ kó múni kíyè sí ara nínú ìwádìí yẹn ni ti ọwọ́ ẹni mẹ́fà, nítorí ọwọ́ kì í dúró sójú kan bí ike. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti ti ètè dé ojú, ó ti tojú dé ẹnu ọmọ.

Nígbà mìíràn ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń kó o. Oníṣègùn ará Ìlú Ọba kan, Adamson, ṣàpèjúwe hápíìsì orí ìka ní ọdún 1909. Ní 1959, ìwé ìṣègùn The Lancet gbé àlàyé jáde nípa bí àìsàn ìka yìí ṣe ń ràn nínú ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn dókítà eyín ló wà nínú ewu rẹ̀ jù nígbà náà, nítorí ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nínú ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun àwọn aláìsàn. Itọ́ lásán tó, bí ìka bá ti ní ojú ọgbẹ́ kékeré. Ìyípadà ńlá dé ní 1987 nígbà tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ṣọ́ra fún ẹ̀jẹ̀ gbogbo aláìsàn, kí wọ́n sì máa wọ ìbọ̀wọ́. Kòkòrò HIV ni wọ́n ń sá fún, àmọ́ ìbọ̀wọ́ náà gba ìka lọ́wọ́ hápíìsì pẹ̀lú. Lóde òní, ọmọdé tó ń mu ìka nígbà tí egbò wà lẹ́nu rẹ̀ àti àgbàlagbà tí hápíìsì wà lójú ara rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rí i lára wọn.

Láàárín ọjọ́ méjì sí ogún tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọlé, ìka náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á máa ta. Lẹ́yìn náà á pọ́n, á wú, ìléròrò wẹ́wẹ́ tí omi inú wọn mọ́ á sì yọ pọ̀ sójú kan. Oró rẹ̀ máa ń ju bí a ṣe rí i lọ. Ẹlòmíràn kò ní lè sùn lóru. Kókó lè sọ sí abíyá, ibà sì lè tẹ̀ lé e. Àwọn ìléròrò náà á dà pọ̀, wọ́n á gbẹ, wọ́n á di èépá, gbogbo rẹ̀ á sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ó jọ wítílò. Wítílò gidi, tí bakitéríà ń fà, máa ń gbọ́yún. Orí ìka á le gbagidi, ọyún rẹ̀ á sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ti hápíìsì kì í gbọ́yún ní ìbẹ̀rẹ̀, orí ìka kì í sì í le bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe sí ìka tó wú: wọ́n á mú abẹ́rẹ́ tàbí abẹ, wọ́n á gún un kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jáde. Fún wítílò ọlọ́yún, dókítà lè là á. Fún hápíìsì, lílà kò ṣe oore kankan. Kò sí ọyún tó máa jáde, omi tó jáde kún fún fáírọ́ọ̀sì, ojú tí abẹ là sílẹ̀ sì di ọ̀nà fún bakitéríà, àìsàn kan á wá di méjì. Ìka tó bá ti ní in lẹ́ẹ̀kan lè tún ní in. Ó ń padà wá lára nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún sí ìdajì àwọn tó ti ṣe rí.

Ó tún ku ti kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e láti ibì kan lára rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Àkókò tí èyí lè ṣẹlẹ̀ jù ni ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ara kò tíì dá ohun ìjà tó máa fi bá a jà. Ọmọ ọdún méjì tí gbogbo ẹnu rẹ̀ di egbò, tó sì ń fi àtàǹpàkò sẹ́nu tọ̀sán-tòru, lè kó o sí àtàǹpàkò náà. Ẹni tí egbò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí lójú ara, tó fọwọ́ kàn án tó sì nu ojú, lè gbé e dé ojú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ara á ti mọ ọ̀tá rẹ̀, ohun ìjà rẹ̀ á sì ti tàn ká inú ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn fi ọwọ́ gbé ti ẹnu ara rẹ̀ lọ sí ojú ara rẹ̀. Ìtura ńlá ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ tó ti ní HSV-1 láti kékeré, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ìgbàkígbà ni àwọn lè ba ara àwọn jẹ́.

Ojú ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú hápíìsì ojú ló ń gba inú iṣan wá nítorí ìdí iṣan kan náà tó lọ sí ètè ló pín lọ sí ojú. Síbẹ̀, ọwọ́ náà lè gbé e débẹ̀, ti àwọn tó ń fi awò lẹ̀ mọ́ ẹyinjú ló sì burú jù, torí ojoojúmọ́ ni ìka wọn ń wọ ojú. Ojú á pọ́n, á máa ta, á máa ṣomi, ìmọ́lẹ̀ á máa gún un, ìríran á sì di bàìbàì. Bó bá ń padà wá, àpá lè bo awọ gaara tó wà níwájú ẹyinjú, ó sì lè fọ́ ojú. Ohun tó ń dá kún ìpalára yìí ni oògùn ojú tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Àwọn kan nínú wọn ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, èyí tó ń mú kí ojú funfun lọ́jọ́ kejì nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbilẹ̀ sí i lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí awọ wọn kò dá pé, irú bí ọmọ tó ní ẹ́síímà, tún wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣọ́. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Moriz Kaposi ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn ní 1887: fáírọ́ọ̀sì á ran ibi gbogbo tí awọ ti bó, ìléròrò á bo ara, ibà líle á sì dé. Ilé ìwòsàn ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ lọ́jọ́ náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú ìfarakanra tó ń ran hápíìsì ní tòótọ́ láti awọ dé awọ, kó wo ìjàkadì. Ní ọdún 1989, ní àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, 60 nínú ọ̀dọ́mọkùnrin ajìjàkadì 175 ló kó HSV-1. Orí àti ojú ni egbò wọn pọ̀ sí jù. Wọ́n ń di mọ́ra wọn lójoojúmọ́, orí ń ha orí, awọ ń bó, òógùn àti itọ́ ń dà pọ̀ fún ìṣẹ́jú gígùn. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ lóde ìnáwó kò súnmọ́ èyí rárá. Àwo ìjókòó ilé ìyàgbẹ́, owó tó ń tọwọ́ dé ọwọ́ àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ náà kò sí nínú àwọn ọ̀nà tí hápíìsì ń gbà ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìyàgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà máa ń di ẹ̀bi àìsàn abẹ́ rù. Ẹ̀bi ilé ìyàgbẹ́ rọrùn láti sọ létí ọkọ tàbí aya ju òótọ́ lọ.

Láàárín tọkọtaya, ìfarakanra ojú ara pẹ̀lú ojú ara, tàbí ẹnu pẹ̀lú ojú ara, ló ń tan hápíìsì kálẹ̀. Ọwọ́ nìkan kò ní ipa púpọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi ìka kan egbò tútù lára rẹ̀, tó sì gbé ìka náà lọ tààrà sí ojú ara ẹnìkejì kí omi rẹ̀ tó gbẹ, ó lè ràn. Bí ọwọ́ bá gbẹ, tí kò sí egbò, tàbí tí wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ewu náà kéré débi pé kò yẹ kó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí hápíìsì wà ní ìka rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: kó fi aṣọ ọgbẹ́ bò ó, kó má sì fi ọwọ́ náà kan ara ẹnìkejì títí èépá á fi bọ́ tí awọ á sì jinná.

Ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun ni ewu ọwọ́ ti ga jù, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ènìyàn kì í ti í fura. Hápíìsì ọmọ tuntun kò wọ́pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú sí nǹkan bí ọmọ 10 nínú 100,000 tí wọ́n bá bí. Púpọ̀ wọn kó o lára ìyá nígbà ìbí, pàápàá bí ìyá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o nígbà tí oyún ti fẹ́ gbó. Àmọ́ nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ló ń kó o lẹ́yìn ìbí, láti ẹnu tàbí ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ara ọmọ tí kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tíì mọ ìjà. Fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé ìléròrò ètè lásán ló yọ fún àgbàlagbà lè wọ ọpọlọ ọmọ náà tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì lè pa á.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́jọ́ kẹjọ, àgbà á ti ìka bọ oyin, á fi kan ètè ọmọ. Á ti ìka bọ iyọ̀, á tún fi kàn án. Ọmọ á máa ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, gbogbo wọn á sì fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu. Nínú àwọn ilé kan, wọ́n ṣì ń rọ ọmọ lágbo: ìyá àgbà á ká ọwọ́ pọ̀ sí ẹnu ọmọ, á da àgbo sínú rẹ̀, ọmọ á sì máa gbé e mì láti àárín ìka. Kò sí ohun tó burú nínú àdúrà náà, àmọ́ kò yẹ kí oyin wọ ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Àgbà tí ìléròrò wà létè rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tó ti fi ìka kan náà nu ẹnu láàárọ̀, tàbí tí ìka rẹ̀ wú tó sì ń ta, ló yẹ kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, kó sì jókòó sí apá kan pẹ̀lú àdúrà rẹ̀. Síbí kékeré tí wọ́n fọ̀ mọ́ lè ṣe ohun tí ìka ń ṣe, kódà bí ara gbogbo wọn bá le. Ìyá tí hápíìsì wà létè rẹ̀ lè máa fọ́mọ lọ́yàn lọ, bí kò bá ti sí egbò lórí ọmú. Kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó gbé ọmọ, kó fi nǹkan bo ẹnu, kó má sì fẹnu kan ọmọ títí yóò fi jinná.

Bí ọmọ tuntun kò bá mu ọyàn mọ́, tó ń sùn ju bó ti yẹ lọ, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù nini, tàbí tí gìrì mú un, wọn kò gbọdọ̀ dúró de ìléròrò kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lára àwọn ọmọ kan, ìléròrò kì í yọ rárá.

Fún àgbàlagbà tí ètè rẹ̀ ń ta, ìṣọ́ra tó tó kò ju kó má fọwọ́ kan egbò, kó má fọ́ ìléròrò, kó fi òwú ra oògùn sí i dípò ìka, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ bó bá gbàgbé tó kàn án. Kó máa dá lo táwẹ́lì rẹ̀ àti ife rẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí egbò náà bá wà.

Oògùn tí wọ́n ń lò jù ni acyclovir, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí ní 1982. Gertrude Elion, ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn bí oògùn náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Oògùn náà kì í pa fáírọ́ọ̀sì tó ń sùn nínú iṣan. Èyí tó ti jí tó ń bí sí i ló ń dá dúró. Ìdí nìyí tí àkókò fi ṣe pàtàkì: àǹfààní rẹ̀ pọ̀ jù bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nígbà tí ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta, tàbí láàárín ọjọ́ méjì tí ìléròrò yọ sí ìka. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, egbò náà á san bó lo oògùn tàbí kò lò ó. Ti ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un ní acyclovir nílé ìwòsàn, fún ọjọ́ 14 bó bá jẹ́ pé awọ, ojú tàbí ẹnu nìkan ló kàn, fún ọjọ́ 21 ó kéré tán bó bá ti dé ọpọlọ tàbí àwọn ẹ̀yà inú ara, wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ti fura, kí èsì àyẹ̀wò tó dé.